Bí A Ṣe Lè Pinnu Owó Tó Tọ́ fún Ọ̀dọ́langba Tó Ń Bá Wa Wo Ọmọ: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Yorùbá ní Maryland

Bí ẹ bá bi ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ní Bowie tàbí Lanham tàbí Hyattsville, pé èló ni yóò gbà láti bá yín wo ọmọ ní alẹ́ Sátidé, ìdáhùn tí ẹ ó gbọ́ kì í sábà ju ọ̀kan lọ: "Iyekíye tí ẹ bá fún mi náà dára, àǹtí." Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ iye tí iṣẹ́ yẹn tó. Ó mọ iye tí ilé ìtajà ń san fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń to ọjà sórí pẹpẹ, ó sì mọ iye tí àwọn òyìnbó àdúgbò ń fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀kọ́ ilé ló pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọdé kì í bá àgbà dúnàádúrà, pàápàá àgbà tí í ṣe ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀. Nítorí náà, láàárín tiwa, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ san owó ni gbogbo ìpinnu wà, bí onítọ̀hún kò bá sì fara balẹ̀ ṣírò, yóò rẹ́ ọmọ náà jẹ láìmọ̀, ọmọ náà yóò sì tún kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ìpínlẹ̀ Maryland ni mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kà, nítorí pé òfin àti iye owó yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní Amẹ́ríkà, àti nítorí pé àwa Yorùbá pọ̀ ní Prince George's County débi pé kò sí Sátidé tí òde àríyá kì í sí. Ẹni tó ń gbé Texas tàbí Georgia lè lo ọ̀nà ìṣirò kan náà, ṣùgbọ́n kí ó fi iye ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ rọ́pò èyí tí mo bá dárúkọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni tàbí ojúṣe inú ilé

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ọmọ ńlá bá jókòó ti ọmọ kékeré ni owó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sáré lọ ra búrẹ́dì, tí àkọ́bí yín sì ṣọ́ àbúrò rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ojúṣe inú ilé ni, a kì í sì í san owó fún irú rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí mo máa ń lò nìyí: bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dá àkókò tí ọmọ náà yóò dé, tí kò lè kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi padà, tó sì jẹ́ pé àkókò tí ì bá fi ṣe nǹkan tirẹ̀ ni ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ nìyẹn. Owó wọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ìbáà sì jẹ́ ọmọ ẹni tí ẹ jọ ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí ẹ jọ ń lọ sí mọ́sálásí.

Ti ọmọ inú ilé ní ìpín tirẹ̀. Òbí tó bá ń lọ òde ní Sátidé gbogbo, tó sì ń fi àkọ́bí obìnrin sílẹ̀ pẹ̀lú àbúrò mẹ́ta láti ìrọ̀lẹ́ di òru, ti kọjá ààlà ojúṣe. Mi ò ní kí ó san iye tí yóò san fún ará ìta, ṣùgbọ́n kí ó yọ nǹkan gidi fún un, kí ó sì dá Sátidé díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú oṣù. Mo mọ̀ pé àwọn àkọ́bí obìnrin kan yóò ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn.

Ohun kan tún wà tí a gbé wá láti ilé. Ní Nàìjíríà, nígbà tí ẹnì kan bá mú ọmọ ọ̀dọ̀, òbí ọmọ náà, tàbí ẹni tó mú un wá, ló sábà máa ń gba owó rẹ̀ lóṣooṣù, ọmọ tó ṣiṣẹ́ kì í fojú kàn án. Àwọn kan lára wa ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí láìrò ó: wọn á fi owó náà lé ìyá ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Sunday. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá paarọ̀ páḿpàsì ni kí ó gba owó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ wò kí ẹ tó dárúkọ owó

Òfin Maryland sọ pé ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kò gbọdọ̀ fi ọmọ náà sílẹ̀ nínú ilé tàbí nínú ọkọ̀ níbi tí ojú rẹ̀ kò ti tó o, àfi bí ó bá fi ẹni tó ṣeé fọkàn tán, tó sì ti pé ọdún 13 ó kéré tán, tì í. Ìtanràn rẹ̀ lè tó dọ́là 500, ó sì lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n tó tó ọgbọ̀n ọjọ́, tàbí méjèèjì pọ̀. Èyí já sí pé bí ẹ bá ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọdún 12 kò lè bá yín wò ó, kódà bí ó gbọ́n ju ọmọ ọdún 16 lọ, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Òbí tó bá wá ọmọ tó kéré sí ọdún 13 nítorí pé owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ ti ra ewu ní owó pọ́ọ́kú.

Láàárín ọdún 13 sí 17, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni mo máa ń wò. Ọmọ ọdún 14 tó ti tọ́ àbúrò, tó sì ti gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọmọ tí àwọn American Red Cross ń ṣe fún ọmọ ọdún 11 sókè, lè mọ̀ ju ọmọ ọdún 17 tí kò gbé ọmọ ọwọ́ rí. Bí ó bá ti kọ́ bí a ṣe ń yọ oúnjẹ tó há ọmọ lọ́fun, ẹ fi dọ́là kan kún owó rẹ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òun tàbí òbí rẹ̀ ló san án.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ìpìlẹ̀ tí ẹ ó gbé iye náà lé

Láti ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 2024, owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ ní Maryland jẹ́ dọ́là 15 fún wákàtí kan. Òfin ìpínlẹ̀ náà gba agbanisíṣẹ́ láyè láti san ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún iye yìí fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ìyẹn dọ́là 12.75. Ti ìjọba àpapọ̀ ṣì jẹ́ dọ́là 7.25 láti oṣù July ọdún 2009.

Ẹnì kan yóò sọ pé òfin yẹn kò kan ẹni tó kàn ń báni wo ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni níwọ̀n bí ti ìjọba àpapọ̀ ṣe jẹ́. Nígbà tí àwọn aṣòfin ìjọba àpapọ̀ fẹ òfin owó iṣẹ́ lójú ní ọdún 1974, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé, wọ́n yọ ẹni tó kàn ń wo ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pé òfin kò fipá mú yín kò sọ pé iye tó kéré sí i tọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: bí ọmọ yìí kò bá wá sílé wa, èló ni yóò rí gbà níbòmíràn fún wákàtí kan náà? Ìdáhùn rẹ̀ ni dọ́là 12.75 ó kéré tán, bí ó bá ti dàgbà tó láti rí iṣẹ́ ní ilé ìtajà, níbi tí kò ti sí ọmọ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 13 fún ọmọ kan ṣoṣo tó ti lè rìn, tó lè sọ̀rọ̀, tó sì lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi àwọn òbí bíi mẹ́ta ní àdúgbò yín pé èló ni àwọn ń san, ẹ má sì bi Yorùbá nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé àárín ara wa nìkan la ti ń béèrè, ohun tí a ó gbọ́ ni iye tí àwọn ọmọ tí kò lè dúnàádúrà ń gbà, irú iye bẹ́ẹ̀ kò sì lè jẹ́ òṣùwọ̀n. Bí iye tí gbogbo àdúgbò ń san bá ju dọ́là 13 lọ, iye ti àdúgbò ni kí ẹ mú gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣírò bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń gbàgbé nǹkan, nítorí pé ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ kì í jọ iṣẹ́ lójú wa mọ́. Iye tí mo kọ síbí jẹ́ ìmọ̀ràn tèmi, ẹ lè yí i díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fo ohun kankan nínú wọn.

Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí ọ̀kan, ẹ fi dọ́là 2 kún owó wákàtí kan. Ọmọ méjì tó súnmọ́ra, tí wọ́n sì ń jà, le ju ọmọ mẹ́rin tí àgbà wọn ti tó ọdún mẹ́wàá lọ, nítorí náà ẹ lo ojú inú. Bí ọmọ ọwọ́ bá wà níbẹ̀, tó ń mu wàrà nínú ìgò, tó sì ń lo páḿpàsì, ẹ fi dọ́là 2 mìíràn kún un. Bí ọmọ kan bá ní ikọ́ fée tó ń fẹ́ oògùn tí a ń fà símú, tàbí tí ẹ̀pà bá jẹ́ èèwọ̀ fún ara rẹ̀ débi pé ó lè dákú, kì í ṣe owó nìkan ni kí ẹ fi kún un: ẹ pe ọ̀dọ́langba náà wá ní ọjọ́ mìíràn, kí ẹ fi bí wọ́n ṣe ń lo oògùn náà hàn án, kí ẹ sì san owó wákàtí tó fi wá kẹ́kọ̀ọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó bá wọn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò, tàbí kí ó wẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ ṣáájú, nítorí pé wíwo ọmọ tó ń sùn àti wíwẹ ọmọ tó ń sunkún kì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé "Wọn yóò ti sùn ní agogo mẹ́jọ, tẹlifíṣọ̀n ni yóò máa wò," mo gbọ́ yín. Àwọn kan máa ń tìtorí èyí dín owó kù. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àìlèkúrò níbẹ̀ àti àìlèsùn ni ẹ ń san owó fún. Olùṣọ́ ilé ìfowópamọ́ kì í gba ìdajì owó nítorí pé olè kò wá lóru ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ ilé ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ fẹ́ kí ó fọ abọ́ tí àwọn ọmọ fi jẹun, ìyẹn bá iṣẹ́ mu. Ẹ fẹ́ kí ó fọ gbogbo ìkòkò ọbẹ̀ àná, kí ó ká aṣọ tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, kí ó sì di irun fún ọmọbìnrin yín nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé? Iṣẹ́ mìíràn pátápátá nìyẹn. Òfin ìjọba àpapọ̀ gan-an fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀ ṣe ààlà: bí iṣẹ́ ilé bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹni tó kàn ń wo ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, òfin owó iṣẹ́ sì ti dé bá yín. Ní ti irun, ẹ wo iye tí àwọn onídìrí ń gbà ní sọ́ọ̀bù, kí ẹ sì san án lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka wákàtí bí ó ṣe rí gan-an

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìwé ìpè lè sọ pé agogo márùn-ún, kí olóòótú má sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn títí di agogo méje. Bẹ́ẹ̀ ni òde tí wọ́n ní yóò parí ní agogo mọ́kànlá kì í parí títí àwọn tó ni gbọ̀ngàn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná. Ọ̀dọ́langba tó wà nílé yín kò mọ èyí, tàbí kí n sọ pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ fi wákàtí kan kún iye tí ẹ rò, òun ni kí ẹ sọ fún un. Àkókò ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá wọlé yín, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá parí wíwé gèlè. Ó sì ń parí nígbà tí ẹ bá wọlé padà. Bí ẹ bá lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ka á sí ààbọ̀ wákàtí. Bí àkókò gbogbo kò bá tó wákàtí mẹ́ta, ẹ san ti wákàtí mẹ́ta, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ náà nìyẹn. Láti agogo mọ́kànlá alẹ́ síwájú, mo máa ń fi dọ́là 3 kún wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lójú gbogbo ènìyàn. Ká ní ọmọ mẹ́ta ni ẹ ní: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Dọ́là 13 ni ìpìlẹ̀. Ẹ fi 2 kún un fún ọmọ kejì, 2 fún ẹ̀kẹta, àti 2 nítorí pé ọmọ ọwọ́ ni ẹ̀kẹta. Ó di dọ́là 19 fún wákàtí kan. Ọ̀dọ́langba náà wọlé ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ sì padà nígbà tí agogo kan òru ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ gbé e lọ sókè sí agogo kan, ó di wákàtí méje ààbọ̀. Dọ́là 19 lọ́nà méje ààbọ̀ jẹ́ dọ́là 142.50. Wákàtí méjì tó lé lórí agogo mọ́kànlá mú dọ́là 6 wá, àpapọ̀ rẹ̀ di 148.50. Ẹ san 150.

Mo mọ̀ pé iye yìí yóò mú kí àwọn kan dìde lórí àga. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra aṣọ ẹbí, tó san owó ẹni tó wé gèlè, tó sì ṣẹ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là sí ẹyọ-ẹyọ láti fi lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin, kò lè sọ pé owó kò sí fún ẹni tó jẹ́ kí gbogbo èyí ṣeé ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sọ iye náà síta kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ìyá ọmọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀wọ̀ ni, àti nítorí pé ọmọdé ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ìyá náà bá kọ owó. Ẹ jẹ́ ká pe ọmọ náà ní Dámi. Ọ̀rọ̀ náà máa ń lọ báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ kí Dámi bá mi wo àwọn ọmọ ní Sátidé tó ń bọ̀, láti agogo márùn-ún ààbọ̀ títí di agogo kan òru. Dọ́là 19 ni mo fẹ́ san fún un ní wákàtí kan. Mo ní kí n kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ yín."

"Owó kẹ̀? Ṣé ọmọ yín kọ́ ni Dámi? Ẹ fi owó yín sápò, ó ń bọ̀."

"Ọmọ mi ni, ìdí gan-an nìyẹn tí mi ò fi lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ òyìnbó ni mo pè, tààrà ni mà á sanwó fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ẹ kàn bá mi sọ fún un pé kó má pẹ́."

Bí ìyá bá tún kọ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ má bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ má sì gbà. Ẹ sọ pé àwọn ọmọ yín náà yóò ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn lọ́la, ẹ ò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú wọn sìn lásán.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kọ̀wé ránṣẹ́ sí Dámi fúnra rẹ̀ lórí fóònù, ní Yorùbá tàbí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ má béèrè pé, "Èló lo fẹ́ gbà?" Ìbéèrè yẹn ló ń bí "iyekíye." Ẹ sọ iye náà, ẹ sọ ọjọ́ àti àkókò, ẹ sọ bí ẹ ó ṣe ka àkókò tí ẹ bá fi pẹ́, ẹ sọ ẹni tí yóò gbé e padà sílé, kí ẹ wá parí rẹ̀ báyìí: "Bí iye yìí bá kéré, tàbí tí Sátidé yẹn kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kọ̀wé sí mi di ọ̀la. Mi ò ní bínú rárá, mi ò sì ní sọ fún mọ́mì rẹ." Lórí ìwé, ọmọ tí kò lè wo ojú àgbà kí ó sọ pé owó kéré lè rí àyè sọ ọ́. Ẹ óò sì tún ní àkọsílẹ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì lè padà wò.

Ọ̀rọ̀ pípadà sílé lóru kì í ṣe owó, ṣùgbọ́n ó wà lára àdéhùn. Ohun tó dára jù ni kí òbí rẹ̀ wá mú un, tàbí kí ìyàwó ilé gbé e lọ. Ẹni tó ti mu ọtí ní òde kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ. Bí òbí rẹ̀ bá ní láti wakọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn ní agogo kan òru, ẹ fi owó epo kún un.

Bí ẹ bá fagi lé e nígbà tó ku ọjọ́ kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ẹ san ìdajì. Ó ṣeé ṣe kó ti kọ òmíràn nítorí tiyín.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ sanwó ní alẹ́ ọjọ́ náà

Ẹ ti ka owó náà sínú àpòòwé kí ẹ tó jáde nílé, pẹ̀lú owó díẹ̀ lọ́tọ̀ bí ẹ bá pẹ́. Ẹ fún un lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dárúkọ iye rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó kà á. Ọmọ wa kì í ka owó lójú àgbà, nítorí náà ẹ ní láti fi àṣẹ sí i. "Rán mi létí lọ́jọ́ Sunday" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ó jáde lẹ́nu yín, nítorí pé ọmọ náà kò ní rán yín létí láé. Bí ó bá fẹ́ kí owó náà gba orí fóònù, Cash App máa ń gba ọmọ ọdún 13 sókè bí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i.

Ìrẹsì tí ẹ bù wá láti òde, pẹ̀lú ike àti agbòjò tí wọ́n ya àwòrán olóògbé sí, kì í ṣe ara owó iṣẹ́. Ẹ lè fún un, yóò sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí owó bá ti pé. Oúnjẹ alẹ́ tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà nílé kí ẹ tó lọ, ẹ má sì yọ ọ́ nínú owó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ mọ ibi tí owó orí ti wọ̀ ọ́

Fún ẹni tó ń pe ọ̀dọ́langba lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ọ̀rọ̀ yìí kúrú. Ìjọba kò béèrè owó Social Security àti Medicare, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìwòsàn tí ìjọba ń yọ lára owó iṣẹ́, lórí owó tí ẹ san fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọdún 18 nígbàkígbà nínú ọdún náà, bí wíwo ọmọ kò bá jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Fún àgbàlagbà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé yín, ní ọdún 2025, bí owó tí ẹ san fún un bá ti tó dọ́là 2,800 ni ọ̀rọ̀ náà ti di dandan.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni ẹ̀dínwó owó orí tí ìjọba ń fún òbí tó sanwó ìtọ́jú ọmọ, èyí tí a ń lo fọ́ọ̀mù 2441 fún. Kò sí fún alẹ́ àríyá. Ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, tó jẹ́ kí ẹ lè lọ síbi iṣẹ́ tàbí kí ẹ wá iṣẹ́, ló wà fún. Ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà Social Security ẹni tí ẹ san owó fún, nítorí náà ẹ gba ìyẹn lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Owó tí ẹ bá san fún ọmọ bíbí yín tí kò tíì pé ọdún 19 kò wọ inú rẹ̀ rárá. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ń sanwó fún ọ̀dọ́langba kí ó lè wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, lè rí i gbà. Ẹni tó jáde lọ jó kò lè rí i gbà.

Bí ó bá di ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ fẹ́ kí ó máa wá lójoojúmọ́ láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ "mo kàn ní kó bá mi wò wọ́n" sílẹ̀. Òṣùwọ̀n ìjọba àpapọ̀ fún wíwo ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 wákàtí lọ́sẹ̀, ní àpapọ̀ gbogbo ilé tó ti ń ṣe é. Ogójì wákàtí jẹ́ iṣẹ́ gidi, ó ní owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ, ó sì yẹ kí ẹ kọ àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa kọ wákàtí ojoojúmọ́, kí ẹ sì lọ rí oníṣirò owó orí yín kí oṣù June tó dé.

Ìgbà tí ẹ ó fi owó kún un, àti ìgbà tí owó kò bá tó

Ẹ má dúró kí ó béèrè, kò ní béèrè. Mo máa ń fi dọ́là kan kún un lọ́dọọdún, bákan náà nígbà tí ọmọ tuntun bá dé, àti nígbà tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ọmọ yín fẹ́ràn ṣòro láti wá rọ́pò.

Bí owó kò bá sì tó, wákàtí ni kí ẹ gé, ẹ má gé iye wákàtí kan. Nínú àpẹẹrẹ tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ bá padà sílé ní agogo mẹ́wàá alẹ́ dípò agogo kan, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni, dọ́là 85.50 ni ẹ ó san, ẹ ó sì ti jẹun, ẹ ó ti kí olóde, ẹ ó ti jó díẹ̀. Tàbí kí tọkọtaya méjì tí wọ́n mọ ara wọn máa gba ọmọ ara wọn wò ní Sátidé méjì méjì, láìsí owó láàárín wọn, kí wọ́n sì kọ wákàtí sílẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Ẹlòmíràn máa ń kó gbogbo ọmọ ilé méjì jọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́langba kan. Ó dára, ṣùgbọ́n ìṣirò ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ju mẹ́rin lọ, ẹ wá ọ̀dọ́langba kejì, kí ẹ̀yin méjèèjì sì pín owó náà dọ́gba-dọ́gba.